Orúkọ Bàbá Ọkọ Lórí Ìlà Kìn-ín-ní

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Àyìsátù, ìyàwó Isiaq onítẹ̀wé, fa àga jókòó ti Mùíz, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn. Kò sí ohun tí Mùíz ò mọ̀ láyé àfi ọjọ́ ikú rẹ̀, ìyẹn náà, ó ní òun ò tíì ráyè wá a ni. Kọ̀ǹpútà ilé-ìtẹ̀wé wà níwájú wọn lórí tábìlì, wọ́n ti tú ìdí rẹ̀, ó ń rùn bí iṣu tó jóná.

MÙÍZ: Ó ti kú, Ìyá Mahmood.

ÀYÌSÁTÙ: O yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?

MÙÍZ: Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ò yá o. Ó kú ni. Iná tó dé láàárọ̀ yẹn, ìbínú ló bá dé. Ó sun gbogbo inú rẹ̀.

ÀYÌSÁTÙ: Ètò tí bàbá Mahmood fi ń to ojú-ìwé ńkọ́?

MÙÍZ: Wọ́n jọ lọ ni.

ÀYÌSÁTÙ: Kò burú. Ẹ̀dà rẹ̀ wà. Bàbá Mahmood kì í ṣe ẹni tí kì í tọ́jú ẹ̀dà.

MÙÍZ: Ẹ̀ẹ́n, ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ibo ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí?

ÀYÌSÁTÙ: Inú kọ̀ǹpútà yìí náà.

Mùíz wo kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin náà, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

Ni Àyìsátù bá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un. Isiaq, bàbá Mahmood, ti wọ bàálù láàárọ̀ yìí, ó ń lọ fún Úmúrà, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí fóònù rẹ̀ tó tàn. Kó tó lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé-ìtẹ̀wé lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti wọ ilé náà. Rọ̀kíbátù, àbúrò Isiaq, tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ìyàwó ò lè di ilé-ìtẹ̀wé bàbá òun mú, pé ọjọ́ tí iṣẹ́ kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lòun máa wá gba kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ Onítẹ̀bọmi kan lójú ọ̀nà Pedro ni, ojú-ìwé igba ó dín mẹ́jọ. Aago mẹ́rin ni Díákónì Samson máa wá wo bébà àkọ́kọ́.

MÙÍZ: Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe ń fajú ro? Ètò tó ń to ojú-ìwé pọ̀ lóde bí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan síbẹ̀ fún yín.

ÀYÌSÁTÙ: Ẹ̀rọ wa ti dàgbà, Mùíz. Tó bá gbé bébà, apá òsì ló máa ń fà á sí. Ètò tí bàbá Mahmood fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló mọ̀ ọ́n lára.

MÙÍZ: Ẹ fọwọ́ tò ó nígbà náà. Ṣebí ọwọ́ làwọn bàbá wa fi ń tò ó.

ÀYÌSÁTÙ: A fọwọ́ tò ó lọ́dún tó kọjá. Lásárù jíǹde lójú-ìwé kẹfà, ó wá ṣàìsàn lójú-ìwé kọkànlá, ó sì kú lójú-ìwé kẹrìnlá. Díákónì ò tíì gbàgbé.

MÙÍZ: Ìyẹn le o.

ÀYÌSÁTÙ: Àwọn ọmọ kíláàsì ní ó dùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Díákónì ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

MÙÍZ: Ètò tí wọ́n kọ yẹn, ṣé inú ilé nìkan ló mọ? Wọn ò gbé e síta fún ẹnikẹ́ni?

ÀYÌSÁTÙ: Ó ní òun gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tiẹ̀ bá a jà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ta ló ń fún gbogbo ayé ní ọbẹ̀ láìkọ́kọ́ bu ti ìyàwó rẹ̀ pamọ́?

Ojú Mùíz tàn. Ó fa láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ sún mọ́ra, ó fọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ ká bí ẹni tó fẹ́ jẹ iyán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyàwó Isiaq lẹ́kọ̀ọ́.

MÙÍZ: Ẹ fetí sílẹ̀. Sítọ̀ọ̀ ńlá kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kọ ètò máa ń kó kóòdù wọn sí. Kóòdù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, kó kà á, kó sì kó o lọ sílé.

ÀYÌSÁTÙ: Sítọ̀ọ̀ yẹn ò ní géètì?

MÙÍZ: Kò ní.

ÀYÌSÁTÙ: Mégádì ńkọ́?

MÙÍZ: Kí ni mégádì fẹ́ ṣọ́ níbẹ̀? Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

ÀYÌSÁTÙ: Ó hàn pé kì í ṣe Bàrígà ló wà.

MÙÍZ: Èyí tó dáa jù níbẹ̀ ni pé mo lè wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò ní tíì ṣẹ́jú tí á ti sọ fáìlì tó wà àti ìlà tó wà fún wa. Kò sóhun tó lè sá pamọ́ fún mi níbẹ̀.

ÀYÌSÁTÙ: Ó dáa. Wá ètò tó ń to ojú-ìwé.

Mùíz tẹ bọ́tìnnì. Èsì dà wálẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Àyìsátù na ọrùn wò ó.

ÀYÌSÁTÙ: Èwo ni ti bàbá Mahmood nínú wọn?

MÙÍZ: Ẹ fara balẹ̀, mo ń wò ó.

ÀYÌSÁTÙ: Kí ni eléyìí kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù tirẹ̀?

MÙÍZ: Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí o, èmi náà ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́."

ÀYÌSÁTÙ: Ó kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á?

MÙÍZ: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÀYÌSÁTÙ: Ọmọlúàbí ni. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, ọdún méjìlá rèé, kò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

MÙÍZ: Ìyá Mahmood, báyìí kọ́ la ṣe máa rí i. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ètò yẹn tí kò sí nínú ti ẹlòmíì. Ṣé wọn ò sọ nǹkan kan fún yín?

ÀYÌSÁTÙ: Ó sọ ọ́ nígbà tó ń wọ mọ́tò lọ sí ibùdó bàálù. Ó ní bí nǹkan bá dé, pé orúkọ bàbá òun wà lórí ìlà kìn-ín-ní, òun fi ṣe ìrántí wọn. Bàbá yẹn ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Mùíz fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

MÙÍZ: Ẹ sì jókòó tì í látàárọ̀. Ó ti parí nìyẹn. Kí ni orúkọ bàbá wọn?

Àyìsátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wo òde, ó wo òrùlé.

ÀYÌSÁTÙ: Bàbá Kàlẹ́ńdà.

MÙÍZ (ó tẹ̀ ẹ́): Kò sí níbẹ̀. Ìnagijẹ nìyẹn jàre. Orúkọ wọn gan-an.

ÀYÌSÁTÙ: Alàájì.

MÙÍZ: Ìyá Mahmood. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ.

ÀYÌSÁTÙ: Mùíz, ìyàwó ilé ni mí.

MÙÍZ: Mo mọ̀.

ÀYÌSÁTÙ: Tó o bá mọ̀, kí lo wá ń bi mí sí? Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀?

Mùíz gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà márùn-ún, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ ní èyí. Àyìsátù ní omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ òun lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ò tíì gbẹ nígbà tí ìyá ọkọ òun, tó ti dolóògbé báyìí, ti pe òun jókòó. Ìyá ní ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nílé náà kí òun tó dé, ọkọ òun ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá, òun ò sì gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìdí nìyẹn tí Àyìsátù fi sọ Rọ̀kíbátù ní Òpéléńgé. Nígbà náà, Rọ̀kíbátù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n Òpéléńgé ṣì ni, torí ẹni tó bá yí i padà ló máa sọ ìdí tó fi yí i.

MÙÍZ: Ṣùgbọ́n bàbá ti kú, Ìyá Mahmood.

ÀYÌSÁTÙ: Wọ́n kú ni. Wọn ò kúrò ní bàbá ọkọ mi.

MÙÍZ: Ẹ kọ ọ́ sórí bébà nígbà náà. Ṣebí ẹnu ni èèwọ̀ mú.

ÀYÌSÁTÙ: Ìwọ náà ronú sí i. Tí mo bá fẹnu pè é, ìwọ nìkan lo gbọ́. Tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti di ìwé nìyẹn. Èwo ló burú jù?

MÙÍZ: Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan.

ÀYÌSÁTÙ: Orí orúkọ nìyẹn. Ṣé orí bàbá ọkọ mi lo fẹ́ kí n gé fún ẹ?

MÙÍZ: Lẹ́tà ìkẹyìn.

ÀYÌSÁTÙ: Ìdí àgbàlagbà.

Mùíz dìde, ó ní òun máa lọ béèrè láàárín àdúgbò. Onítẹ̀wé mẹ́ta ló bá sọ̀rọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní Bàbá Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń jẹ́. Èkejì ní Alàájì Kàlẹ́ńdà. Ẹ̀kẹta, tó ti bá bàbá náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, búra pé Kàlẹ́ńdà ni orúkọ ìdílé wọn láti Ọ̀yọ́ wá. Mùíz padà wá jókòó, ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

MÙÍZ: Àwọn ọmọ yín ńkọ́?

ÀYÌSÁTÙ: Wọ́n wà nílé ìwé. Bàbá Àgbà nìkan ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí.

MÙÍZ: Ó dáa, màá máa dárúkọ, kí ẹ máa gbọ́. Tí mo bá ti bá a, ẹ mi orí.

ÀYÌSÁTÙ: Tí orí mi bá mì, ṣé orí ẹlòmíì ló mì ni?

MÙÍZ: Ẹ má mi nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó. Làmídì.

Àyìsátù jókòó gagaga. Kò tilẹ̀ mí.

MÙÍZ: Rájì. Sàlámì. Ẹ jẹ́ kí n wá Sàlámì wò. Háà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ẹran kan làwọn òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀ o, inú búrẹ́dì ni wọ́n ń fi sí.

ÀYÌSÁTÙ: Wọ́n fi orúkọ ènìyàn pe ẹran? Ọlọ́run mà ṣeun tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń jẹ́.

MÙÍZ: Ẹ ṣé gan-an. A ti yọ Sàlámì kúrò.

Àyìsátù fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà yẹn, bí Mùíz bá ti dárúkọ kan, ńṣe ló ń kọjú sí ògiri. Ọmọkùnrin náà pe orúkọ bíi mẹ́tàlélógún, ó wá gbogbo wọn, ó rí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó rí eré bọ́ọ̀lù, ó rí ẹnì kan ní ìlú òkèèrè tó ń fi kọ̀ǹpútà ka iye ewúrẹ́ rẹ̀. Kò rí Isiaq. Nígbà tó wo aago, ó ti di mẹ́ta ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún.

MÙÍZ (ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀): Ìyá Mahmood, kí n má parọ́ fún yín, n ò lè wá ohun tí n ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Àyìsátù wàyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ká bébà nílé yẹn, tó ń gán an, tó ń gé e, tí kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní iṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú lábẹ́ ìborùn.

MÙÍZ: Ta ló tún wà láyé tó lè pe orúkọ yẹn tí kò ní jẹ́ èèwọ̀?

ÀYÌSÁTÙ: Ọmọ tí wọ́n bí. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ti wà nínú bàálù.

MÙÍZ: Èkejì ni Àǹtí Rọ̀kíbátù. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n.

ÀYÌSÁTÙ: Kí n ní kí ni? "Òpéléńgé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá yín ń jẹ́?" Wọ́n á ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Kí n tó wá irọ́, wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ̀rọ dúró. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á ti wà nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.

MÙÍZ: Èmi á pè wọ́n. Màá ní báǹkì ni mo ti ń pè, pé a fẹ́ tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe, a nílò orúkọ bàbá wọn.

ÀYÌSÁTÙ: Ẹni mẹ́ta ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lóṣù yìí. Èyí tó pè kẹ́yìn, wọ́n ṣépè fún un títí ó fi ń bẹ̀ wọ́n, tó fi jẹ́wọ́ orúkọ bàbá tirẹ̀.

Àyìsátù gbójú sókè, ó ń wo nǹkan kan lókèèrè, ó sì rọra sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

ÀYÌSÁTÙ: Mùíz, tí inú bá bí Yorùbá dé góńgó, kí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀?

MÙÍZ: "Orí ẹ ò pé."

ÀYÌSÁTÙ: Lẹ́yìn ìyẹn.

MÙÍZ: "Wèrè."

ÀYÌSÁTÙ: Lẹ́yìn wèrè.

MÙÍZ (ó ronú): "Ṣé o mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?"

ÀYÌSÁTÙ: Ẹ̀ẹ́n. Fọwọ́ lé bọ́tìnnì, kí o má sì sọ̀rọ̀.

Ó pe nọ́ńbà, ó tẹ sípíkà, ó gbé fóònù sáàárín tábìlì. Ariwo ọjà ẹja Ìlàjẹ kún inú ṣọ́ọ̀bù. Rọ̀kíbátù ò tiẹ̀ kí i. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan ti bàjẹ́.

ÀYÌSÁTÙ (ohùn rẹ̀ tutù, ó ń dán): Rárá o, Òpéléńgé mi. Ẹ kú ọjà. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo fẹ́ ní kí wọ́n pa Bàbá Kàlẹ́ńdà rẹ́ lára rẹ̀, kí wọ́n kọ "Àyìsátù àti Àwọn Ọmọ" sí i.

Ni Rọ̀kíbátù bá bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá oorun ló ń kùn Àyìsátù àbí ibà. Ó ní bàbá òun ló tẹ̀lé ẹ̀rọ yẹn wá láti èbúté, bàbá òun ló sùn tì í lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, bàbá òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé pátákó yẹn kọ́. Bàbá òun báyìí, bàbá òun báyẹn. Mùíz fi ìka lé bọ́tìnnì, ó ń mi orí pé kò tíì sí orúkọ níbẹ̀.

MÙÍZ (jẹ́ẹ́jẹ́): "Bàbá mi" nìkan ni wọ́n ń sọ. Mo wá a. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì.

ÀYÌSÁTÙ (ó fọwọ́ bo fóònù): Ta ló ní kó o wá ìyẹn?

MÙÍZ: Ọwọ́ mi ló yá.

ÀYÌSÁTÙ (ó ṣí fóònù padà): Ẹ má bínú sí mi, ọkọ mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo kàn wò ó pé kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́ ni. Lónìí yìí ni wọ́n béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ onítẹ̀wé mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, kí la tún fẹ́ máa gbé sórí pátákó?

Ọ̀rọ̀ náà dun òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, torí òótọ́ ni. Bàbá yẹn ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká bébà láìfi èékánná fà á ya, òun nìkan nínú ilé ló sì ń kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè kó o padà mọ́.

Láti inú fóònù, Rọ̀kíbátù rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ.

"Àyìsátù. Ṣé o mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?"

ÀYÌSÁTÙ: N ò mọ̀ o. Ta ni?

Mùíz ki àtẹ́lẹwọ́ bọ ẹnu, ó gé e jẹ.

"Èmi? Èmi Rọ̀kíbátù, ọmọ Bísíríyù Àjàgbé, tó tẹ kàlẹ́ńdà fún ọba mẹ́ta tí wọn ò bínú síra wọn. Àjàgbé tó fi ojú lásán ka bébà tí kò ṣì í. Ìwọ lo wá ń béèrè orúkọ rẹ̀? Dúró dè mí níbẹ̀. Mo ń bọ̀."

Fóònù gé. Mùíz ti tẹ̀ ẹ́ kí ariwo náà tó parí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀, ó tàn padà.

MÙÍZ: Ọ̀kan.

ÀYÌSÁTÙ: Ọ̀kan kí ni?

MÙÍZ: Èsì kan ṣoṣo. Nínú gbogbo kóòdù tó wà níta láyé yìí, ibi kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn wà. Ìlà kìn-ín-ní. Ẹ wá wò ó.

ÀYÌSÁTÙ: Dúró, dúró. Fọwọ́ bo ìlà kìn-ín-ní ná, kí n lè ka ìyókù.

Mùíz fọwọ́ bò ó. Àyìsátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò mọ kóòdù kà, ṣùgbọ́n ó rí àwọn nọ́ńbà bébà tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fi rúlà wọ̀n ní ìjókòó kan lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó rí mílímítà mẹ́ta tí ẹ̀rọ fi ń yà sápá òsì. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nù ún, ó ní kí Mùíz yára, aago mẹ́ta ti lé ní ogún ìṣẹ́jú.

Mùíz fa ètò náà wọlé sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó kó ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí Díákónì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Àyìsátù sí i, ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ètò náà gbéra, ó to ojú-ìwé mẹ́rin, ó dúró. Ìkọ̀wé pupa kan yọ nísàlẹ̀.

ÀYÌSÁTÙ: Kí ló dé? Kí ló ní?

MÙÍZ: Ọkọ yín ló fi ìwé sílẹ̀ níbí. Wọ́n ní, "Ètò yìí ò lè dá ṣiṣẹ́. Èyí tó ń fa bébà padà láti apá òsì, ọ̀tọ̀ ni mo kó o sí, torí ìyà ńlá ló fi jẹ mí kí n tó kọ ọ́ tán."

ÀYÌSÁTÙ: Ibo ló kó o sí?

MÙÍZ: Wọ́n ní kí a fi orúkọ ìyá àwọn wá a.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹlòmíì ń lu bébà tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

MÙÍZ: Ìyá Mahmood, ìyá ọkọ yín ńkọ́? Kí ni wọ́n ń...

Àyìsátù wò ó.

MÙÍZ: Mo ti mọ̀. Mo kàn ní kí n béèrè ni.

Kẹ̀kẹ́ kan já sí iwájú òpópónà. Onítọ̀hún tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti dé. Rọ̀kíbátù ní òun ń wá ẹni tó gbójú gbóyà tó fẹ́ fọwọ́ kan pátákó bàbá òun, kó jáde síta kí oòrùn rí i. Mùíz fò dìde.

MÙÍZ: Wọ́n ti dé. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn.

Àyìsátù fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó sì yí àga rẹ̀ padà kó lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

ÀYÌSÁTÙ: Ti ilẹ̀kùn kẹ̀? Ṣí i gbayawu. Ọ̀rọ̀ bàbá ṣeé fi fóònù ṣe. Ti ìyá, ojúkojú ló máa ń dùn.